Fóòmù Tí Mo Ki Bọ Ẹ̀rọ Fákúùmù Safurat

Ní gbogbo Ìwó, títí dé Kuta àti Ilé-Ogbó, èmi Badrudeen nìkan ni ojú mi tó ohun tó pa ẹ̀rọ fákúùmù Safurat. Kò sí ẹlòmíì! Oṣù mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ti wú mí níkùn ju àgbá omi lọ. Lónìí, mo fẹ́ bì í fún gbogbo ayé.

Safurat, tá a jọ kéwú lọ́dọ̀ Alfa Rájí, ló máa ń fi ẹ̀rọ náà fa eruku kápẹ́ẹ̀tì mọ́sáláṣí wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí Jímọ̀ tó dé. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń bọ́ ìbejì tí ọkọ ẹ̀ kú fi sílẹ̀. Àmọ́ ariwo ẹ̀rọ náà! Wọ́n ń gbọ́ ọ n'Ìbàdàn. Alfa Rájí, tí ilé kéwú wọn fara ti mọ́sáláṣí, ní àwọn ọmọ ò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Wọ́n ní tí kò bá rọlẹ̀, kí Safurat gbé e lọ, kó má padà wá.

Èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ ṣe, mo tẹnu bọ̀ ọ́. "Alfa, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Áàpù tó ń wọn ariwo lórí fóònù mi ni mo máa fi wọ̀n ọ́n lójú yín. Tí nọ́ńbà ẹ̀ bá kọjá àádọ́rin, ẹ fá irùngbọ̀n mi."

Alfa wò mí. "Irùngbọ̀n wo, Badiru?"

Mo gbé fóònù sí ìṣísẹ̀ kan sí ẹ̀rọ náà. Àádọ́rùn-ún! Mo gbọn asẹ́ ẹ̀, mo de gbogbo ibi tó ń mì, mo fi rọ́bà sábẹ́ ínjìnnì. Ó wálẹ̀ dé méjìdínlọ́gọ́rin, ó lóun ò lọ mọ́. Inú bí mi bíi kí n bù ú jẹ. Olóòótọ́ ì bá sọ pé, "Ibi tó lè dé nìyí." Èmi ńkọ́? Mo gé fóòmù lára tìmùtìmù bàbá mi, mo ki í bọ ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde. Mo mọ̀ o! Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ò ní lè mí. Mo wọ̀n ọ́n lójú Alfa, nọ́ńbà já sí mọ́kàndínláàádọ́rin, wọ́n gbà. Safurat fò mọ́ mi, ó ń pè mí ní "ẹnjiníà mi."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró tì í níbi iṣẹ́, kí wọ́n lè máa yìn mí. Ẹ̀rọ náà rú èéfín, iná sọ, kápẹ́ẹ̀tì jó lu. Safurat sáré jáde lọ pe Alfa. Èmi nìkan ló kù nínú. Mo fa fóòmù tó ti yọ́ yọ, mo fi sápò. Nígbà tí Alfa wọlé, ẹnu mi yìí ló sọ ọ́: "Omi ni Safurat jẹ́ kó wọ̀ ọ́."

"Badiru, omi wo? Omi wo?" Ohun tí Safurat ń wí ṣáá nìyẹn, títí Alfa fi ní kó máa lọ. Ó ti kó ìbejì lọ fún ìyá ẹ̀ ní Kuta báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alfa, mo jẹ́wọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! "Ìwọ tó o ní o fọwọ́ lásán mú òjòlá lódò Ọ̀bà? Àánú Safurat ló ń ṣe ẹ́ tó o fi ń purọ́ mọ́ ara ẹ. Ọmọ dáadáa ni ẹ́." Ọmọ dáadáa! Èmi! Mo lọ bẹ Safurat náà, ó ní, "Mi ò fẹ́ 'jọ̀ọ́' ẹ. Lọ sọ fún wọn." Mo ti sọ, wọn ò gbọ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ wá sílé wa. Tìmùtìmù bàbá mi ṣì wà ní pálọ̀. Ihò tó wà lára ẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àtẹ́lẹwọ́ lásán. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ẹ gbà mí gbọ́.