Bí Òróró Ṣe Ba Páásípọ́ọ̀tù Mi Jẹ́, Tí Ọlọ́run Sì Dá Mi Nídè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsìn o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ti ń kí yín láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá rí i tí mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà dùn nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Kò dùn rárá.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe ní Kaneshie, lẹ́yìn ibùdókọ̀ trotro. Ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì, tó ń kọ́ yàrá ńláńlá tí wọ́n ń kó ẹran dídì sí, gbà mí síṣẹ́. Wọ́n dán mi wò lórí fóònù: mo tú ẹ̀rọ kan palẹ̀ lójú wọn, mo sì tún un tò. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, àmọ́ bí mi ò bá rí físà gbà kí oṣù tó parí, àwọn á mú ẹlòmíràn. Ìyàwó mi wà nínú oyún, yàrá kan ṣoṣo la sì ń gbé ní Alajo pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ lọ.

Kí n tó rí nǹkan kan gbà, ìjọ wa ti fi mí joyè. Brọ́dà Jámánì ni wọ́n ń pè mí. Alákòóso akọrin ń kí mi lédè Jámánì, ọ̀rọ̀ kan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Díákónì wa kan, ẹ má wo ẹ̀yìn, ẹ ti mọ̀ ọ́n, tó jókòó ní pápákọ̀ òfurufú Jámánì nígbà kan tó ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e lọ síbòmíràn, mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè kọ́ mi ní ìwà àwọn ará ibẹ̀. Ó ní wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bi í pé àwọn mélòó ló bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Brọ́dà Sámù, ṣebí ohun tí mò ń sọ fún ẹ náà nìyẹn?"

Èmi náà ò kẹ̀rẹ̀. Mo ra kóòtù òtútù nínú obroni wawu, aṣọ òkìrìkà tó dé láti ìlú òyìnbó, mo sì ń wọ̀ ọ́ nínú ilé kó lè mọ́ mi lára. Ìyàwó mi ní bí ooru bá pa mí, òun ò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òtútù ni mò ń kọ́.

Ẹ rántí ìsìn tí a kó páásípọ́ọ̀tù wa wá síwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ kán òróró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí èèpo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó súre, ó dá a padà. Ìyá mi tó wá láti Ashaiman wò ó, ó mi orí. Òróró ni ìyá mi ń tà. Lójú ẹni tó ń ta òróró, ìkán kan kì í ṣe ìfòróróyàn, ìtọ́wò ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ fún físà, bí mo ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, ìyá mi tó ti sùn sọ́dọ̀ wa mú páásípọ́ọ̀tù yẹn, ó ṣí i ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì fi òróró yan gbogbo wọn pẹ̀lú Sáàmù. Kò fo ìkankan. Ó wá fi nàìlọ́ọ̀nù wé e dáadáa, ó tì í sínú àpò kóòtù mi, ó ní, "Ọmọ mi, máa lọ, ọ̀nà ti là."

Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní ilé-iṣẹ́ físà tú nàìlọ́ọ̀nù náà, ó fi ìka méjì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè. Ó ní, "Brọ́dà, ṣé ẹ fi páásípọ́ọ̀tù yìí din dòdò kelewele ni?" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní òróró ìyàsímímọ́ ni. Ó ní, "Áàmín," ó sì dá a padà fún mi. Ó ní gbogbo ìwé mi tó kù ló dára, kí n mú páásípọ́ọ̀tù tuntun wá kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n lọ tò láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀yin ará, oṣù bíi mélòó kan ni.

Mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe páásípọ́ọ̀tù. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Kofi gbé tèmi sókè sí ojú fèrèsé. Ó ní àwọn kan máa ń fọ páásípọ́ọ̀tù kí wọ́n lè pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀. Ó wá ka orúkọ mi: Ajao.

"Alata ni ẹ́?" Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn.

Mo ní Alajo ni wọ́n bí mi sí.

"Mi ò bi ẹ́ níbi tí wọ́n bí ẹ sí. Ìlú rẹ ńkọ́?"

"Alajo."

"Alajo kì í ṣe ìlú ẹnì kankan. Ibi tí èèyàn ti ń háyà yàrá ni. Níbo ni bàbá bàbá rẹ ti wá?"

Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí n lọ gba páásípọ́ọ̀tù ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ó ní kí n jókòó. Bí mi ò bá rí ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré kó wá jẹ́rìí sí mi, ọlọ́pàá ló máa bá mi yẹ ìwé náà wò. Mo jókòó pẹ̀lú kóòtù mi. Mo gbàdúrà, kì í ṣe irú èyí tí à ń gbà níbí pẹ̀lú ohùn ńlá. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ti Jámánì sílẹ̀ ná. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sùn sílé lónìí." Mo wá pe ìyá mi.

Ó ti padà sídìí ọjà rẹ̀; ó wọ trotro láti Ashaiman pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù tó fi ń tajà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kofi ṣàlàyé fún un pé àwọn ò mọ̀ bóyá ọmọ ibí ni mí, pé ẹnì kan sì ti da nǹkan sínú ìwé náà.

Ìyá mi ní, "Èmi ni mo fi òróró yàn án. Bí o bá fẹ́, màá yan ìwọ náà, orí rẹ ti gbẹ."

Ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú Ga, èdè àwọn onílẹ̀ ibí. Mi ò lè tú gbogbo rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ó sọ bí títì Alajo ṣe rí nígbà tó ń rọbí mi, ó dárúkọ ọkùnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́ lójúde wa àti ẹni tí ìyàwó ọkùnrin náà bá sá lọ. Ó wá yà sọ́dọ̀ Kofi fúnra rẹ̀: bàtà rẹ̀, etí rẹ̀, bó ṣe jókòó bí ẹni tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí. Àwọn òṣìṣẹ́ fi tábìlì wọn sílẹ̀, wọ́n wá ń wòran. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ọmọ Ga pọ́ńbélé, jáde wá, ó ń fi gèlè nu ojú nítorí ẹ̀rín.

Ó ní, "Kofi, fún ọkùnrin yìí ní fọ́ọ̀mù! Èèyàn lè kọ́ Ga tó máa fi kí èèyàn, ó lè kọ́ èyí tó máa fi ra ẹja. Ta ló ń kọ́ èyí tó fi ń búni yìí? Àdúgbò yìí ni obìnrin yìí gbé dàgbà."

Kofi ní, "Maame, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ó ti tó."

Ìyá mi ní, "Kò tíì tó. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ."

Ẹ̀yin ará, páásípọ́ọ̀tù tuntun jáde kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Físà ti wà nínú rẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run! Pásítọ̀ ní ìkán tòun ló ṣiṣẹ́. Ìyá mi ní tòun ni. Mi ò dá sí ẹjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n nínú trotro, bí a ṣe ń padà sílé láti ọ̀dọ̀ Kofi lọ́jọ́ náà, ìyá mi ní, "Sámù, bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ ẹ́ ní Jámánì, ta lo máa pè?" Mo ní òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Ó ní, "Ibi tí a ti ń bọ̀ yìí náà, òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé."

Nítorí náà, kì í ṣe físà nìkan ni mo ń dúpẹ́ fún. Wọ́n ní kí n mú ẹni tó mọ̀ mí wá, mo sì ní ẹni tí mo pè, ó sì dé. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mò ń lọ. Ìyàwó mi máa bímọ síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí ọmọ náà. Èmi ni kí ẹ gbàdúrà fún, kí Ọlọ́run fún mi ní ẹnì kan níbẹ̀ tó lè bá mi jà.

Ìyá mi ló jókòó ní ìlà iwájú yẹn. Mo rí i pé ó ti fẹ́ kígbe halelúyà. Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀, ẹ má jẹ́ kó dá pariwo.