Oògùn Wárápá Mojí Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Mi ò mọ̀wé púpọ̀. Sítáńdà Fọ́ọ̀ ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, oko kòkó ló kọ́ mi ní ìyókù. Tí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó.

Ẹrù kan wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Mo ti rò pé n ó gbé e wọ sàréè ni. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi níwájú ilé wa ní Òdòde. Mo rí i pé tí mo bá ń dákẹ́ lọ, dídákẹ́ mi lè pa á. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí.

Ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Mojí. Wárápá ń ṣe é láti kékeré. Abà ni ìyá rẹ̀ ń gbé, lọ́nà Òwénà, èmi ni mo mú un sọ́dọ̀ kó lè kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi náà ni mo mú un lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́, tí dókítà fi kọ oògùn kan fún un. Oògùn funfun roboto ni, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Dókítà yẹn ṣàlàyé títí. Ó ní kò gbọdọ̀ pa á jẹ. Ó ní kódà bí ara rẹ̀ bá le koko, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí àìsàn náà lè fi ìbínú padà. Ó ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a lò ó, kò sì gbọdọ̀ mu ọtí lé e. Èmi ni mo dúró níbẹ̀ tí mò ń sọ pé "Yẹsà, Yẹsà." Nítorí náà, mi ò lè sọ pé wọn ò kìlọ̀ fún mi.

Inú àpótí mi ni oògùn náà ń gbé. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wárápá ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Tí ará àdúgbò bá rí ike oògùn yẹn, kò ní sẹ́ni tí yóò bá Mojí jẹun nínú abọ́ kan mọ́. Ìyá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ kò mọ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò mọ̀. Èmi ni mò ń pè é wọ yàrá láàárọ̀ àti lálẹ́, n ó fún un, yóò gbé e mì, yóò ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá." Oṣù ń gorí oṣù, wárápá ò yọjú.

Lọ́jọ́ kan ni ibà mú un. Ó bì, oògùn sì bá èébì lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó ṣubú lẹ́yìnkùlé wa. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mò ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Mo sáré lọ bá a, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ bí dókítà ṣe wí, itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ sì ta sí mi lọ́wọ́. Nígbà tó jí tó sì sùn, mo padà sídìí bọ̀ọ̀lì mi. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó rántí pé mi ò fọwọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré. Wọ́n ní ẹni tí itọ́ wárápá bá kàn, ó ti di tirẹ̀. Èmi ò wulẹ̀ jẹ́ kó kàn mí lásán, mo fi bọ̀ọ̀lì gbé e wọnú.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá láti abà wá yìn mí. "Ọkùnrin ni ọ́," ló wí. "Ẹlòmíì ìbá ti sá fi ọmọ mi sílẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò sá. Ọkàn mi ti rékọjá Òwénà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo fún Mojí ní tirẹ̀ tán, mo fún ara mi náà ní ọ̀kan. Mo ní bí oògùn yìí bá lè lé wárápá tó ti wọlé tipẹ́, ṣé kò ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tó ṣì wà lójú ọ̀nà ni? Ọgbọ́n Sítáńdà Fọ́ọ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Bí mo ṣe ń lò ó, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Òòyì ń kọ́ mi. Òkè ìlú wa tí mo ti ń wò láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo jí lọ́jọ́ kan, mo rí i ní méjì. Ara mi ń yún mi káàkiri. Nídìí ẹmu, ọ̀rẹ́ mi kan wò mí bí mo ṣe ń bọ̀.

"Ìwọ yìí, o ò tíì jókòó, o ti ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Àbí o ti mu tìrẹ nílé kí o tó wá ba tiwa jẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn mu, èmi tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ọtí fún.

Mo gbà pé wárápá ló ti ń bọ̀ yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé oògùn ló ń ṣe mí. Nítorí náà mo fi kún un. Bí mo ṣe ń gbé e mì ni ojú mi ń ṣú sí i, bí ojú mi sì ṣe ń ṣú sí i ni mo tún ń gbé e mì. Òjìji ara mi ni mò ń sá fún, mo sì ń fi oògùn ọmọ ọlọ́mọ sáré.

Nígbà tó yá, ike ń lọ sílẹ̀, ọjọ́ tí a ó padà sí Àkúrẹ́ ṣì jìnnà. Tí mo bá lọ ṣáájú ọjọ́, dókítà á bi mí pé ta ló jẹ ìyókù. Ojú tì mí láti sọ pé èmi ni. Mo bá lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, mo ra oògùn àyà títa, èyí tí wọ́n máa ń rún lẹ́nu. Funfun ni òun náà, roboto ni òun náà. Mo dà á sínú ike. Òun ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún Mojí. Ojúlówó tó kù, inú tèmi ló ń lọ.

Mojí fura.

"Bọ̀dá, oògùn yìí ń dùn," ló wí. "Ó ń tutù lẹ́nu bíi mínǹtì."

"Wọ́n ti yí i padà ni," mo ní. "Òyìnbó ti ṣe tuntun."

"Kò tún kùn mí lóorun mọ́."

"Ṣé ìyẹn ò dáa ni? Gbé e mì, jàre."

Ó gbé e mì. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ọmọ náà sọ ọ́ fún mi. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún mi.

Kò pẹ́ sígbà náà. Mojí wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi áyọ̀ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ oníbàárà. Wárápá gbé e ṣánlẹ̀, áyọ̀ọ̀nù ṣí, ẹyín iná dà sí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ sá jáde, wọ́n bẹ̀rù itọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà wà nínú iná títí ìyá oníṣẹ́ fi sáré wọlé láti ìta. Àwọn èèyàn bú àwọn ọmọbìnrin yẹn gan-an. Èmi ò lè bú wọn. Ohun tó lé wọn jáde ni ohun tó mú èmi ṣí àpótí.

Tẹ́lẹ̀, tó bá ṣubú, á jí. Lọ́jọ́ yẹn kò jí. Bí ọ̀kan bá ti ń rọlẹ̀ ni òmíràn tún ń gbé e, títí ọkọ̀ fi gbé wa dé Àkúrẹ́. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Itọ́ rẹ̀ rin mí láṣọ gbindingbindin, mi ò tiẹ̀ ronú pé kí n nù ún. Ẹ̀rù tó yẹ kó ti fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ìgbà yẹn ló ráyè lọ.

Ọlọ́run kò jẹ́ kó kú. Àmọ́ ọwọ́ náà ká kò, àwọn ìka lẹ̀ mọ́ra. Kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́ láéláé.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an wà nìyí. Dókítà bi wá bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti sáré dé láti abà, fà mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé ọmọ yìí ń lo oògùn?"

"Mò ń fún un," mo ní. "Ta ló mọ̀ bóyá ó ń tu ú dànù? Ẹ ṣáà mọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ wárìrì.

Ẹ̀gbọ́n mi padà wọlé, ó dojú ọ̀rọ̀ kọ ọmọ tí wọ́n di lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Ó ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Mojí ń sunkún, ó ní, "Ìyá mi, mo lò ó. Ọlọ́run ń gbọ́, mo lò ó." Èmi náà wọlé tẹ̀lé e, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọmọ sílẹ̀, ara rẹ̀ ò yá." Mojí gbójú sókè wò mí. Ó wò mí bí ẹni tí ìrànlọ́wọ́ dé bá.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò padà wá. Ìyá rẹ̀ kò gbà á gbọ́ títí dòní. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, àwọn kan ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó fi pamọ́, kó jẹ́wọ́ kó lè rí ìwòsàn. Mojí kúnlẹ̀, ó wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan jẹ́wọ́. Èmi tí mo ní, orí àga ẹ̀yìn ni mo wà, mò ń ṣe "Àmín."

Mo dáwọ́ oògùn náà dúró. Ojú mi là, òkè padà di ọ̀kan ṣoṣo. Wárápá kò mú mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Lẹ́yìn náà mo dọ́gbọ́n bi dókítà, mo ní ọkàn ọ̀rẹ́ mi kan kò balẹ̀ nítorí itọ́ wárápá tó kàn án àti oògùn tó ń lò sí i. Ó ní itọ́ kì í kó wárápá ran ẹnikẹ́ni. Ó ní tí ojú ọ̀rẹ́ mi bá ń rí nǹkan ní méjì, oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń ṣe é, kí n bá a wí. Mo ní n ó bá a wí.

Mojí ń ta búrẹ́dì báyìí, ọwọ́ òsì ló fi ń dì í. Ojúlówó oògùn ló ń lò, ó rò pé Òyìnbó kàn dá ti àtijọ́ padà ni, fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ṣubú kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bàbá kan tó ń ta àgúnmu ti sọ fún un pé òun lè wò ó sàn, kó kàn da ti ọsibítù nù. Ohun tó bá mi sọ lọ́jọ́ Ìsinmi nìyẹn.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ fi oògùn ọsibítù sílẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣebí ara rẹ ń yá."

"Ṣé kì í ṣe òun náà ni mò ń lò lọ́jọ́ tí iná jó mi? Ọjọ́ tó yẹ kó gbà mí, kò gbà mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo lò ó. Nínú gbogbo ilé wa, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́."

Mo ní kó má dá a dúró, mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi dókítà, mo ní àìsàn náà lè padà lójijì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù máa ń tètè bà mí. Kò parọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá gbà pé òun á ṣì máa lò ó títí bàbá alágúnmu yóò fi dé padà nígbà ìkórè kòkó.

Ẹ̀yin tí irú oògùn yìí wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ni kó lò ó. Ẹ má bá a jẹ níbẹ̀, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dá a dúró láìrí dókítà. Tó bá ní oògùn náà yí padà lẹ́nu òun, ẹ gbọ́ ọ.

Ní tèmi, mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òtítọ́, yóò mọ̀ pé oògùn kò já òun kulẹ̀, bóyá yóò sì máa lò ó lọ. Àmọ́ ẹni kan ṣoṣo tó rò pé ó gba òun gbọ́, òun náà ni yóò pàdánù. Ṣé ìyá rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ pè, tó ti ń bú u láti ọdún wọ̀nyí? Àbí Mojí nìkan? Tó bá wá kọ̀ láti gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́, ta ni yóò máa rán an létí? Mo ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà oko, kò kọjá "Mojí, jókòó." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, báwo ni èèyàn ṣe ń sọ èyí tó kù?

Òjò ti ń dá, èso kòkó ti ń pọ́n. Láàárọ̀ yìí mo kọjá níwájú búrẹ́dì rẹ̀, ó fi ike oògùn rẹ̀ hàn mí láti òdìkejì títì kí n lè rí i pé òun ti lò ó. Ó ní nítorí mi ni.