Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́nu Francisco

Má bu omi fún mi, Ìyá Léopold. Mo ní má bu ú! Òùngbẹ kọ́ ló gbé mi gun afárá wá sí Akpakpa lábẹ́ oòrùn yìí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, bàtà mi já lágbedeméjì afárá, mo sì gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé òkú adìyẹ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Jẹ́ kí n jókòó. Jẹ́ kí n mí ná.

Kí ni mo fi ṣe ọ́? Ọdún mẹ́tàlélógún la ti jọ ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn bẹ́ǹṣì kan náà ní ìjọ Àgùdà. Ọjọ́ tí o bá gbàgbé rósárì rẹ sílé, tèmi la jọ ń kà. Nígbà tí o bí àbíkẹ́yìn rẹ tí o kò lè dìde, ta ló fọ aṣọ ilé yìí? Ṣé èmi kọ́ ni? Léopold tí mo pọ̀n sẹ́yìn kọjá lórí afárá yìí kan náà, òun ló wá dúró láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ Àìkú, tó ju igi tẹ́níìsì rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó na ìka sí ọmọ mi, tó ní Francisco ń pọfọ̀ sí òun! Ọfọ̀! Francisco tó gba Ara Olúwa láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an! Màríà Mímọ́, ẹ gbà mí.

Kí lo wí? Pé ìṣe ọmọdé ni? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń lu òǹtẹ̀ Faransé mọ́ lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́, ọmọdé ni?

Kò burú. Ètè ọmọ mi máa ń mì, mi ò sẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń mì. Bó bá ti pàdánù bọ́ọ̀lù kan péré, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ wí, ètè á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́ bíi ti arúgbó tó ń gbàdúrà nínú ọkọ̀ ojú irin, ojú rẹ̀ á sì ti kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ètè yẹn bá dákẹ́! Ha, ọjọ́ yẹn ni kí o wá wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á fúyẹ́, apá rẹ̀ á nà, bọ́ọ̀lù á máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ajá. Ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ó lu Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè fúnra rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ wọn, tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí kí wọ́n tó bí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àjíṣafẹ́ lù ú. Àjíṣafẹ́, Ìyá Léopold! Àjíṣafẹ́ oníkùn bí àgbá, tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ ronú kó tó bẹ̀rẹ̀! Ṣé iṣẹ́ ọfọ̀ nìyẹn? Oògùn wo ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí tó ń sùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí Àjíṣafẹ́ á fi na ẹni tó ni ín?

Ò ń rẹ́rìn-ín. Máa rín in. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀rín kò sí níkùn mi.

Ìwọ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Èmi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà wáyà ni mo dúró sí, nídìí igi àgbọn tí kò lójìji, nítorí mi ò lè ró ìró mi wọlé lọ jókòó láàárín àwọn akọ̀wé. Àwọn òyìnbó ní pápá tiwọn létí òkun, tó jẹ́ pé ọmọ tiwa ò lè wọ̀ ọ́ àfi bó bá fẹ́ bá wọn he bọ́ọ̀lù. Èyí tí àwọn ọmọ wa fọwọ́ ara wọn ro, tí wọ́n da ilẹ̀ pupa sí, ṣé òun náà la ó wá lé ara wa kúrò níbẹ̀? Francisco ló ń borí. Ó kù bọ́ọ̀lù méjì péré kó parí. Méjì! Ló bá gbá ọ̀kan sínú àwọ̀n, ètè bẹ̀rẹ̀. Ó gbá èkejì kọjá ilà, ètè ò dákẹ́ mọ́. Léopold ń lé e bọ̀, ó ń lé e bọ̀, títí ó fi bá a. Francisco wá dúró jẹ́ẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó gbá mẹ́ta tọ̀nà tí ọmọ rẹ ò fojú kàn. Ibẹ̀ ni Léopold ti ju igi sílẹ̀. Ó ní apá òun wúwo. Ó ní ọfọ̀ yẹn ti mú òun lápá.

Wọ́n dá eré dúró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ránṣẹ́ pe tọmọ-tìyá. Dúrótoyè rọra bi í, bàbá náà kì í pariwo: “Francisco, kí lò ń sọ lẹ́nu?” Ọmọ mi wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó wolẹ̀. Kò fèsì. Wọ́n wá kọjú sí mi: “Ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá he bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ibi tí ẹ dúró sí. Kí lẹ gbọ́?”

Èmi náà dákẹ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo mọ̀! Wọ́n ní bí kò bá jẹ́ ohun búburú, kí ló dé tí ìyá ń fi í pamọ́, tí ọmọ ń fi í pamọ́? Wọ́n fún wa láàyè di ọ̀la, ọjọ́ Sátidé, agogo mẹ́rin. Bí a kò bá sọ ọ́, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́, gbogbo Cotonou á sì mọ̀ pé olóògùn ni. Láàárọ̀ àná ní Máàsì, àwọn obìnrin sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. Ìwọ náà sún. Mo rí ọ. Má sọ pé àyè lò ń wá.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ ohun tí Francisco ń sọ. Mo gbọ́ ọ ketekete, òun gan-an ló gbé mi wá.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó he bọ́ọ̀lù, ó ní: “Ohun rere kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ.” Ẹ̀ẹ̀mẹta tó wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. “Francisco, ohun rere kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Ṣé o mọ ohùn ta ni? Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ohùn mi ni. Bí mo ṣe máa ń fa “rere” yẹn gan-an ló ṣe fà á.

Ọdún tí baba rẹ̀ kú, ọmọ ọdún méje ni. Mo fọ aṣọ pẹpẹ fún ọdún Àjíǹde, mo ki ẹ̀kọ bọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi, mo ní kó gbé e tẹ̀ lé mi. Inú rẹ̀ dùn pé mo fún òun gbé, ló bá ń fò, ló bá ń fò, ló bá da aṣọ pẹpẹ sínú ẹrẹ̀ létí ọ̀sà. Ọjọ́ Sátidé Mímọ́! Ẹnu mi já, ni mo bá sọ ọ́. Ká ní ọjọ́ yẹn nìkan ni, ì bá sàn. Ó fọ́ àwo, mo sọ ọ́. Ó gba ipò kìíní nílé ẹ̀kọ́, nígbà tó bọ́ sí ipò kẹfà mo sọ ọ́. Ó di orin ẹnu mi. Mo rò pé ọmọ ni mò ń tọ́.

Ìyá wo ló máa dìde níwájú àwọn akọ̀wé, kó ní èmi ni mo fẹnu ara mi gégùn-ún fún ọmọ mi? Wọ́n ní ọfọ̀ ni. Ìyá Léopold, wọn ò parọ́ tán. Kì í kàn ṣe ọmọ tìrẹ ló ń mú, ọmọ tèmi ni.

Nígbà tí à ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀, mo bi í lórí afárá, mo ní, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún wọn? Ó ní, “Màmá, ṣebí ẹ wà níbẹ̀.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n pe òun lólóògùn ju kí wọ́n fojú burúkú wo ìyá òun lọ. Ẹni tí mo ní ohun rere kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Orúkọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kò jẹ́ kó bọ́.

Rárá, mi ò sunkún. Oòrùn ni.

Láàárọ̀ yìí, kó tó lọ síbi iṣẹ́, mo bu omi tútù sínú abọ́, mo ní kó fọ ọwọ́ méjèèjì sí i. Mo ní, nípa ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ bí ọ, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, ohun rere á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀! Mo ti la ẹnu. Ọlọ́run ló bá mi pa á dé.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Lọ́la, ní agogo mẹ́rin, ìwọ àti Léopold á bá mi lọ. Màá sọ ọ́ ní gbangba. Ìwọ á dúró tì mí. Léopold á sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì lójú gbogbo àwọn tó sọ ọ́ fún. Ojú á tì í? Tèmi ńkọ́, ṣé ojú ewúrẹ́ ni?

Kí ló dé tí o fọwọ́ bo ẹnu? Sọ̀rọ̀ sókè.

Ìwọ náà? Kí lo máa ń sọ fún un? “Apá rẹ wúwo bí ìtì igi”? Láti kékeré? Nídìí omi pípọn, nídìí igi lílà, “Léopold, apá rẹ wúwo”? Ha! Ìyá Léopold! Ọmọ wo ló wá ju igi sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ní apá òun wúwo? Ọfọ̀ ta ló wá mú un? Yéè! Ẹ wo àwọn obìnrin ìjọ! Ẹ wo àwọn onírósárì! Dì mí mú, ìhà ń dùn mí, mo ṣe bí mo sọ pé ẹ̀rín kò sí níkùn mi.

Ó tó. Bu omi náà wá, mo máa mu ún. Kí o ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú abọ́ de Léopold, bó bá dé láti ibi iṣẹ́, kó fọ apá rẹ̀ sí i, kí ìwọ náà gba tìrẹ padà. Wọ́n á parí eré wọn lọ́jọ́ Àìkú. Bí Francisco bá sì na ọmọ rẹ, Ìyá Léopold, má wá bá mi nílé pé mo fẹnu ṣe nǹkan o. Torí lọ́tẹ̀ yìí, mo ti ṣe é.