Èjìká Mi Ló Dáhùn, Kì í Ṣe Ìyá

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òrìṣà wa lónìí, ẹ sún mọ́ mi, èémí mi kò gùn mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí n kò fẹ́ kó bá mi dé orí iná tí ẹ máa fi sun òkú mi. Èmi Luder, tí gbogbo abúlé Shilhi ń pè ní èjìká Ìyá, mo purọ́ mọ́ Ìyá Sharoni, òrìṣà wa, mo sì fi irọ́ náà ba ayé obìnrin kan jẹ́.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo fẹ́ràn Bhimi, ọmọ Nokhu, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un rí. Bó bá ń ti òkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù koríko lẹ́yìn, màá sáré gba ẹ̀yìn ilé kí a lè pàdé, bí a bá sì pàdé tán, ẹnu mi á wúwo. Á máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n Luder, ṣé ẹ gbé òkúta sẹ́nu ni?" Dotu ló wà lọ́kàn tirẹ̀, ọkùnrin ahunṣọ tó ń gbé ní òdìkejì odò. Nokhu kò fẹ́. Ó ní, "Àna tí màá máa na ọrùn wò láti etí omi? Ẹ jẹ́ kí Ìyá dá ẹjọ́ yìí."

Ẹ mọ ìtàn odò náà. Àbúrò Ìyá ló rékọjá, omi kún, kò sì lè padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ ilé Ìyá, tí wọ́n to òkúta lé igi kédárì, igi lé òkúta, láìkan ìṣó kankan, fi dá fèrèsé kan ṣoṣo sí i lókè pátápátá, kó lè máa wo ilé àbúrò rẹ̀. Mo máa ń gbójú sókè wo fèrèsé yẹn, mo máa ń rò pé Ìyá nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe mí. Síbẹ̀, òun náà ni mo lọ purọ́ mọ́.

Nígbà tí yìnyín yọ́, a gbé Ìyá jáde sí àgbàlá nínú àga rẹ̀, àwọn ère ojú tí a fi fàdákà ṣe sí i lára ń dán, òdòdó bò ó. Èmi àti Khekhu, tí a jọ ń gbé e, la fi èjìká wa sábẹ́ ọ̀pá iwájú àga náà. Bí Ìyá bá tẹ̀ síwájú sí ẹni tó béèrè, ó gbà. Bó bá fà sẹ́yìn, ó kọ̀. Bhimi kúnlẹ̀. "Ìyá, ṣé kí n lọ fẹ́ Dotu?" Ọ̀pá náà dúró jẹ́ẹ́ lórí èjìká mi. Àlùfáà ní kó tún béèrè. Mo wo òdòdó tí Bhimi fi há etí, ó sì yé mi pé bí Ìyá bá gbà, n kò ní máa rí etí yẹn mọ́. Ṣé mo dúró kí Ìyá sọ̀rọ̀? Olè ni mí. Mo fi gbogbo agbára mi ti ọ̀pá sẹ́yìn. Àwọn èèyàn kígbe. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, omijé ti ń já bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún tì í, àga fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Bhimi dojú bolẹ̀: "Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín?" Àwọn àgbà ní Ìyá kò fẹ́ kí odò tún gba èèyàn lọ́wọ́ òun. Bí wọ́n ṣe wọ irọ́ mi lẹ́wù nìyẹn.

Nígbà tí a sọ Ìyá kalẹ̀, Khekhu fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Luder, èjìká tèmi ò gbọ́ ohun tí tìẹ gbọ́ o." Mo ní, "Jọ̀ọ́." Ó ní, "Ìwọ àti Ìyá lẹ jọ máa yanjú ẹ̀. Èmi ò sí ńbẹ̀." Ó kú láìsọ fún ẹnì kankan.

Ọdún méjì ni Dotu fi ń wá sí etí odò lọ́jọ́ ọdún, tó ń juwọ́. Lọ́dún kẹta, a kò rí i mọ́. Mo wá rán ìyá tó bí mi lọ tọrọ Bhimi. Bhimi ní, "Màmá, ẹ má bínú. Òrìṣà ti fi ọkọ dù mí. Ilé rẹ̀ ni màá máa gbá." Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti ń gbá a. Ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló ń jí mi. N kò rí i fẹ́, n kò sì rí i gbàgbé.

Níjẹta, mo wọ́ ara mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń ran òwú nínú oòrùn. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé òwú náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Luder, bí ẹ ò bá ti ọ̀pá náà, ibo ni Ìyá ì bá tẹ̀ sí?"

Mo ní n kò mọ̀, n kò jẹ́ kí Ìyá dáhùn.

"Ẹ gbìyànjú kí ẹ rántí. Ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ rẹ̀."

Ẹ bá mi bẹ Bhimi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí Ìyá bá dákẹ́ lórí èjìká yín, ẹ bá a dákẹ́. Láti ìjẹta ni mo ti ń rántí, mo ń wá ibi tí ọ̀pá náà ì bá tẹ̀ sí. Agbára ara mi nìkan ni mo ń rántí.