Wọ́n Ní Kí N Má Sọ Yorùbá Sí Ọmọ Mi Mọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú mi lónìí ju ohun tí mo lè dá gbé lọ. Ìyá Ṣèyí ló bà mí nínú jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ ń mú àwọn oníṣòwò tó bá ti Èkó wá yí ká àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Al Baraha, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, a jọ ń bá wọn di ẹrù sí kágò. Láàárọ̀ yìí, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ẹrù, ó fẹ̀rín sẹ́nu, ó ní òun ti fòfin de Yorùbá nínú ilé òun, pé Òyìnbó nìkan ni Ṣèyí á máa gbọ́ báyìí, nítorí tíṣà ọmọ náà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Khalas!" ló wí, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń sọ pé ó parí. "Mi ò fẹ́ kí èdè ilé dí ọmọ mi lẹ́nu." Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun ń fún mi! Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní mo ti tún dé nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí ì bá bá mi là á yé e ti padà sí ìlú rẹ̀, èmi ò sì ní irú ẹnu tó ní. Kí n tó délé, ojú mi ti pọ́n bí ojú ẹni tó gé àlùbọ́sà.

Ọmọ Malaysia ni ọkọ mi. Ẹ má yanu o, ìfẹ́ ò mọ ìlú. Níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Sharjah ló ti ń ṣiṣẹ́, Mùsùlùmí bíi tèmi ni, oníwà pẹ̀lẹ́ ènìyàn. Abu Shagara, ní Sharjah náà, là ń gbé. Nígbà tí a bí ọmọ wa obìnrin, orí fóònù ni ìyá mi ti sọ ọ́ ní Àjọkẹ́, láti Ìjẹ̀bú. Bàbá rẹ̀ ń bá a sọ èdè Malay, èmi ń bá a sọ Yorùbá, èmi àti bàbá rẹ̀ ń bá ara wa sọ Òyìnbó tó bá ṣáà ti bọ́ sí wa lẹ́nu, Lárúbáwá àti èdè àwọn ará Íńdíà sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ yìí rìn, ó sáré, ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò tẹnu rẹ̀ jáde! Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ọsibítù, kò sí nǹkan tó ṣe etí. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú àánú wò mí. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ní èdè ló pọ̀ jù fún un, kí á kó ìyókù dànù, kí á mú Òyìnbó nìkan, pé bí kò bá sọ̀rọ̀ kí sáà tuntun tó wọlé, àwọn ò ní gbà á. Ọkọ mi ní ó ṣe é ṣe kí òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdààmú dé! Èdè wo ni mo wá fẹ́ fi rẹ ọmọ mi lẹ́kún? Ṣé "don't cry" ni mo fẹ́ máa wí fún ọmọ tí mo lóyún rẹ̀, tí mo pọ̀n sẹ́yìn?

Ọkọ mi ló ní ká kọ́kọ́ bi obìnrin ará ìlú wọn kan tó ń gbé ní Al Taawun. Cikgu ni gbogbo wọn ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe olùkọ́ ní tíṣà. Ó ń ṣe ìwádìí fún yunifásítì nípa bí ènìyàn ṣe ń kọ́ èdè, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ará ìlú rẹ̀ ní èdè Malay nínú pálọ̀ rẹ̀. Mo lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Háà! Kò sí pàṣán, kò sí pátákó, kò sí "ẹ wí tẹ̀lé mi." Ìyẹ̀fun ló ń pò, tó ń ní kí ọmọ yìí bá òun mú ṣúgà, kí tọ̀hún bá òun bu omi. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kò ní bá a wí, á kàn tún un sọ bó ṣe yẹ, bí ẹni tó ń dá a lóhùn, ọmọ á sì gbé e láìfura. Èmi tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní A-B-D, mo jókòó, mo ń wò ó bí ìran. Èdè wọn ò tiẹ̀ le tó bí mo ṣe rò. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pa ara dà nítorí àná tàbí ọ̀la, bíi tiwa gẹ́lẹ́. "Sikit" ni díẹ̀; tí wọ́n bá fẹ́ sọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ní "sikit-sikit." Cikgu pa òwe fún mi pé díẹ̀díẹ̀, bó bá pẹ́, á di òkè. Mo ní àwa náà ní tiwa: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó gbọ́ orúkọ ẹlẹ́dẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, àwa Mùsùlùmí méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi í léèrè bóyá kí n pa Yorùbá tì. Ṣé ẹ mọ ohun tó wí? "Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ náà." Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀! Tíṣà tó dájọ́ fún wa ò jókòó ti ọmọ mi rárá, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń wọkọ̀ wá sílé wa láàárọ̀, á tẹ́ ẹní, á gbé téèpù tó ń gba ohùn sílẹ̀, kò ní bi Àjọkẹ́ ní nǹkan kan. Ó ní kí n máa ṣe bí mo ṣe ń ṣe. Bí mo ṣe ń ṣe ni pé bí mo bá ti ń yarun fún un, mo máa ń fi oríkì rẹ̀ kì í. Èmi kì í ṣe akéwì, ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò jí ọmọ rẹ̀ tí kò ní kì í? Ọmọ náà á máa kùn lábẹ́ ìyàrí bí ìṣe rẹ̀, èmi á máa bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kan, Cikgu pè mí jókòó, ó tẹ téèpù. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Ó ní, "Orin wo ni ọmọ yín ń kọ nígbàkígbà tí ẹ bá dánu dúró?" Mo ní kì í ṣe orin, kíkùn lásán ni. Ó tún un tẹ̀. "Nínú èdè tiwa, bí ohùn gòkè, bó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Nínú tiyín ńkọ́?" Mo ní nínú tiwa, bí ohùn bá ti yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni etí mi là. Mo gbọ́ ara mi tí mo ní "Àjọkẹ́," mo sì gbọ́ ọmọ mi, ẹnu ní pípadé, tó ní "ùn-un-ún." Mo ní "ọmọ mi àtàtà," ó rẹlẹ̀ níbi tí mo ti rẹlẹ̀. Gbogbo oríkì náà ló ń dá padà fún mi! Yéè! Igbe ni mo fi ta. Cikgu di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú òun náà. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ọmọ yín ti ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbé Yorùbá kúrò, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé téèpù lọ bá tíṣà yẹn. Ẹ̀rù bà mí pé yóò fi ìwé tó kà gún obìnrin náà lójú. Rárá o! Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan," ó sì fi sùúrù ṣàlàyé títí tíṣà fi gbà láti mú ọmọ wa. Ó kọ́ èmi náà pé kí n máa fi ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn oríkì sílẹ̀ fún ọmọ láti parí, kí n máa wo ibòmíràn, kí n má tẹjú mọ́ ọmọ lẹ́nu. A bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ ń bu ìrẹsì fún un, Àjọkẹ́ fi èdè bàbá rẹ̀ pè é, ó ní, "Abah, sikit." Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin! Mo jó, mo fò, lẹ́yìn náà mo sá wọ kíṣínì lọ sunkún. Ṣé èdè tèmi kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ni? Ẹ má rí mi fín, owú jẹ mí. Mo sọ fún Cikgu, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sikit-sikit." Kò pẹ́ lóòótọ́. Mo ń yarun fún ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀, mo ń retí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màámi, ó ń dùn mí, ẹ rọra."

Cikgu ti parí ìwádìí rẹ̀, ó ti lọ. Kó tó lọ, ó wá tọrọ àyè lọ́wọ́ èmi àti ọkọ mi kó tó fi ohùn ọmọ wa síbi iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé a ò ní fi tayọ̀tayọ̀ gbà! Ilé wa ṣófo láti ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ lájò, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò tíì fetí sí ọmọ yín gba èdè yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kí sì ni kí n sọ fún Ìyá Ṣèyí tí yóò wọ̀ ọ́ létí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni, mi ò sì fẹ́ kó bínú sí mi. Bóyá kí n kàn sọ ti Jímọ̀ tó kọjá fún un. A pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, mo gbé fóònù sí ọmọ létí. Àjọkẹ́ ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Èmi Àjọkẹ́ ni. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" A ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gba fóònù, mo ń pè, "Màámi! Ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Wọ́n ń mí, wọn ò lè dáhùn. Ọmọ mi fà mí láṣọ, àánú ìyá àgbà ti ń ṣe é, ó rọra bi mí pé, "Ṣé Màmá ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ni?"