Ike Funfun tí Mo Ya Fọ́tò Rẹ̀ ní Ilé Ìdáná Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, mo kí yín o. Mi ò ní dárúkọ ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mi kiri. Ohun tí mo ṣe sí ọ̀rẹ́ mi ti ń lọ sí ọdún kan ààbọ̀ báyìí, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ pé ẹnu mi ló ti jáde sì ti kó kúrò ní Èkó. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa tán nílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Sátidé tó kọjá, ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí gbàdúrà fún mi, mi ò sì lè ṣe àmín. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n máa pe ọ̀rẹ́ mi ní Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́. Inú ẹ̀sìtéètì Abraham Adésànyà ní Ajah ni àwa méjèèjì ń gbé, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, nítorí náà "Àǹtí mi" ló máa ń pè mí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ta sóbò ládùúgbò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ se ìṣápá pupa, tí mo lọ atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, tí mo rọ ọ́ sínú bọ́tììlì, tí mo gbé e síwájú ilé. Lọ́jọ́ kan, Àbẹ̀kẹ́ wá bá mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, pé kí n jọ̀ọ́ kọ́ òun. Mo kọ́ ọ. Mo rò pé yóò máa tà á fún ẹni méjì mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni, kó fi máa ra ọṣẹ.

Kò pé ọdún kan tí àwọn onílé ńláńlá inú Victoria Garden City fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán dírẹ́bà wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Igbó Ẹfọ̀n ń pè é lórí fóònù. Ó tẹ ìwé aláràbarà sára bọ́tììlì rẹ̀, ó ya òdòdó ìṣápá sí i. Tèmi ṣì wà nínú bọ́tììlì omi tí mo fọ̀, èèyàn sì lè rí ibi tí mo ti bó ìwé ara rẹ̀ kúrò.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé sóbò tèmi kì í pé ọjọ́ méjì kó tó kan. Ti Àbẹ̀kẹ́ á pé ọ̀sẹ̀ méjì nínú fíríìjì, á ṣì dà bíi pé àárọ̀ yẹn ló sè é. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi tọ́ tèmi wò, ó rọra gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, ṣé ti Àbẹ̀kẹ́ ò ṣẹ́ kù nínú fíríìjì ni?"

Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Àmọ́ ṣe ló dà bíi pé ó gbá mi létí. Sóbò tí èmi fúnra mi kọ́ ọ ní sísè! Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti gbọ́ ẹ̀rín Àbẹ̀kẹ́ níta, màá ti fèrèsé mi pa. Mo jowú rẹ̀. Mo jowú bọ́tììlì rẹ̀. Mo jowú bó ṣe máa ń sọ pé "ẹ má bínú, ó ti tán" fún àwọn oníbàárà, torí èmi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, òun fúnra rẹ̀ ló fi àṣírí náà hàn mí. Mo bi í bí ẹni ń ṣeré pé kí ló ń fi sí sóbò tí kì í bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ó gbé ike funfun kan jáde, ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Ó wá gbé òṣùwọ̀n kékeré kan lé orí tábìlì, irú èyí tí àwọn tó ń ta góòlù ń lò.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó, èyí ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Ìjọba fọwọ́ sí i o. Irú ẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ mínírà tí gbogbo wa ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fojú díwọ̀n ẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, wàhálà ni."

Ó wọ̀n ọ́n lójú mi. Ó bù ú, ó dín in kù, ó tún dín in kù, bí ẹni ń wọn oògùn fún ọmọ ọwọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ò tó nǹkan rárá. Ó kọ iye rẹ̀ sórí bébà fún mi. Ó ní tí mo bá fẹ́ ra tèmi, òun á bá mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí òun ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa ta ayédèrú fún mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹnì kan bá ṣe irú èyí fún yín, ṣebí ẹ máa dúpẹ́ ni? Èmi, nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí mi tó ń gbé omi kaná, mo yọ fóònù mi, mo ya fọ́tò ike yẹn.

Obìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa nígbà yẹn, tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun ni mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ pé èmi ni o. Ẹ wo nǹkan tí Àbẹ̀kẹ́ ń dà sínú sóbò tó ń tà fún wa. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì kó má bàa rà."

Wọ́n ní! Ta ni "wọ́n"? Èmi náà ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ti rí ìyẹ̀fun yẹn, mo ti rí bó ṣe ń wọ̀n ọ́n, mo mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo jókòó sí tí mo ti hun ún.

Kó tó di ọjọ́ kejì, fọ́tò ike Àbẹ̀kẹ́ ti wà nínú gúrúùpù gbogbo ìyá ẹ̀sìtéètì wa lórí fóònù. Ẹnì kan ní òun ti ń wòye pé inú ń run òun lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹlòmíràn ní abájọ tí ara Àbẹ̀kẹ́ fi ń dán. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àwọn dírẹ́bà kò wá mọ́. Ọ́fíìsì kan ní Igbó Ẹfọ̀n dá páálí sóbò padà láìṣí i. Ojú fèrèsé ni mo wà nígbà tí wọ́n ń já a sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí òótọ́: inú mi dùn. Mo jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jẹ àjẹyó.

Ẹ wá wò ó, èmi náà ni Àbẹ̀kẹ́ sá wá bá. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ rí bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn." Kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́rìí sí i. Èmi nìkan ni.

Mo ní tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní torí pé a jẹ́ ọ̀rẹ́ ni. Mo ní kó kúkú dẹ́kun fífi ìyẹ̀fun náà sí i, kí wọ́n lè gbẹ́nu kúrò lára rẹ̀. Ó gbọ́ tèmi lẹ́nu torí pé mo jẹ́ àǹtí rẹ̀. Ó da ìyẹ̀fun nù. Ó tẹ ìwé tuntun sára bọ́tììlì pé kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀. Ó gbé òṣùwọ̀n kékeré yẹn fún mi pé kí n máa lò ó, pé òun ò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Ìwọ̀nba oníbàárà ló padà.

Láàárín àkókò yẹn ni ìyá rẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Màmá dé ni tíránsífọ́mà wa jó, kò sí iná fún ọjọ́ mẹ́ta. Sóbò tí kò ní nǹkan kan tó máa gbà á sílẹ̀, inú ooru Ajah yìí, ẹ mọ bó ṣe máa rí. Àbẹ̀kẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná pé tí òun bá ti ibi tí òun ń lọ dé, òun á dà á nù.

Màmá rí i. Àgbàlagbà ni, wọn ò lè wo nǹkan kó ṣòfò. Wọ́n ṣí i, ó hó, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ó ti kan bí ẹmu, pé ẹmu ò pa Ìjẹ̀bú rí. Wọ́n mu bọ́tììlì méjì.

Kí Àbẹ̀kẹ́ tó dé, Màmá ti ń bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa omi sí wọn lára fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kejì gan-an la ò rò pé wọ́n á yè é. Dókítà sọ ọ́ lójú wa pé ohun mímu tó ti bàjẹ́ ni, pé kòkòrò ti kún inú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìyẹ̀fun tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni ì bá má jẹ́ kó tètè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run gba àkóso, Màmá yè é. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wá kí wọn ti sọ fún wọn létí pé ọmọ wọn ń fi oògùn òkú sí sóbò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbà gbọ́, wọn ò gba ti dókítà. Títí di òní, ilé Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Wọn kì í bá a jà o. Wọ́n á kàn ní, "Gbé e síbẹ̀, màá jẹ ẹ́ tó bá yá." Oúnjẹ á wà níbẹ̀ títí á fi tutù. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà ni wọ́n ń rán èèyàn rà níta.

Àbẹ̀kẹ́ ò ta sóbò mọ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí mi, ìyá mi rò pé mo fẹ́ pa àwọn. Èmi náà ò mọ̀ mọ́ bóyá èmi kọ́." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Èmi ńkọ́? Mo ti ra ìyẹ̀fun funfun tèmi. Òṣùwọ̀n Àbẹ̀kẹ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, bébà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló wà lára ògiri ilé ìdáná mi. Inú ike onírẹsì ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Sóbò mi kì í bàjẹ́ mọ́. Àwọn dírẹ́bà Victoria Garden City ti ń ya ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ mi ń mu tèmi, ó ń lá ètè. Gbogbo ohun tí mo jowú rẹ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Síbẹ̀, tí mo bá rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń kí èèyàn, tí wọ́n ń dá a lóhùn tẹ̀rín tẹ̀rín, nǹkan á ṣì máa ta mí láyà. Ìlara ò ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ gbà mí gbọ́.

Sátidé tó kọjá yẹn, mo lọ kí Màmá. Àbẹ̀kẹ́ ti gbé ìrẹsì àti ẹja dídín síwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn là. "Ṣé o mú sóbò ẹ dání?" Ó wà nínú báàgì mi. Mo bù ú fún wọn. Wọ́n gbé e mu tán, wọ́n tún na kọ́ọ̀pù sí mi. Wọ́n wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ mọ́. Olúwa ò ní jẹ́ kí ibi ti ọwọ́ ẹ wá fún ẹnikẹ́ni."

Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ó sìn mí jáde, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí mi. Wọ́n tiẹ̀ mu nǹkan lónìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣépè fún mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá jẹ́wọ́ fún Màmá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún jẹun lọ́wọ́ ọmọ wọn kí wọ́n tó kú. Mo tún mọ̀ pé ìtìjú ò ní jẹ́ kí n lè gbé ẹ̀sìtéètì yìí mọ́, ọkọ mi sì lè lé mi. Tí mo bá sì dákẹ́, èmi ni màá máa fún ìyá ẹlòmíràn ní omi mu, tí ọmọ tó bí á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́ ti ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, pé kí n jọ̀ọ́ gbé bọ́tììlì méjì wá fún Màmá lọ́la. Mo ti sè é. Mo ti wọn ìyẹ̀fun náà sórí òṣùwọ̀n rẹ̀, iye tó kọ fún mi gẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó gbé e lọ, kí ni kí n sọ fún wọn?