Ojú Kì í Ṣe Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Ajah, ìyá ẹlẹ́ja kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bá obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, wọ́n ní kí awọ funfun tó ń bo ojú mi kọ́kọ́ gbó, kí wọ́n tó yọ ọ́."

"Màmá, ojú kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń dúró dè kó pọ́n. Kí lẹ ò lè ṣe mọ́?"

"Mo ń ha ìpẹ́ ẹja, àmọ́ oníbàárà ṣì ń bá ìpẹ́ nínú ọbẹ̀."

"Àkókò ti tó nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ náà kò dùn mí, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é náà ni mo padà sílé."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi ló ní kí tèmi gbó; ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró. Mo ti gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ báyìí. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ kedere nígbà tí mo bá ń sọ fún un pé ojú kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀.